Mbwana Chande, Ojú Kijiweni

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun rí oṣù, ẹ bi í pé ta ló dúró tì í. Kí ẹ wá fa onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi òun náà lọ́tọ̀. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi Shapi lọ́dún tí mò ń wí yìí ni, ọ̀rọ̀ ì bá má rí bó ṣe rí. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo dúró tì, ta ló sì tó yẹ Mbwana Chande lẹ́nu wò lórí ọ̀rọ̀ oṣù ní Kijiweni?

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi Mwanakombo. Ọkùnrin gíga ni, ọlọ́rùn gígùn, tí kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá yọ lọ́nà, àwa ọmọdé á ti sá wọ ẹ̀yìnkùlé. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ là ń fi pè é lójú rẹ̀, Bàbá Riziki. Lẹ́yìn rẹ̀, Ojú là ń pè é. Ìdí ni pé nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, gbogbo ìlú dúró létí omi, wọ́n ń wá oṣù ààwẹ̀ títí ọrùn fi ń ro wọ́n. Òun nìkan ló na ìka, tó ní, “Òun nìyẹn,” tí gbogbo wọn sì wá rí i, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà, lóṣooṣù, Bàbá Riziki á gun òkúta dúdú tó wà létí omi wa, á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ààfáà Nasoro, ìmáàmù wa, kì í kéde ààwẹ̀, kì í kéde ọdún, àfi tó bá kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ojú ti wí?” Ó tó ogójì ọdún tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò ṣì í rí.

Iṣẹ́ ẹja ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Òyìnbó kan tó ní ilé àlejò lọ́dọ̀ wa ló kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, ó sì fi kayáàkì mẹ́ta sílẹ̀ fún un, àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèyàn ń kó ẹsẹ̀ wọ̀ bí ẹni wọ ṣòkòtò, tí a ń fi àjẹ̀ olórí méjì wà. Ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́. Faki, apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, “Mbwana, ẹja mélòó lo fẹ́ kó sínú pósí yìí?”

Ó dá a lóhùn pé, “Faki, ẹja ò sanwó fún mi rí pé kí n fi ẹyẹ han òun.”

Àlejò ń sanwó. Á kó wọn wọ ẹnu odò Ramisi, níbi tí odò àti òkun ti ń pàdé láìpariwo, tí igi ẹ̀gbà ti gbòǹgbò bọ omi lọ́tùn-ún lósì. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ kejì tẹ̀lé e. Bí àjẹ̀ mi bá ń dún jù, á ní, “Shapi, má na omi. Kí ló ṣe ọ́?” Òun kì í na omi. Ẹ ò ní gbọ́ ọ títí á fi dé ẹ̀yìn yín.

Kò ní ìwé tí wọ́n ń kọ àkókò omi sí, kò sì ń lo aago. Oṣù ni aago rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ oṣù, ó mọ ìgbà tí omi á kún àti ìgbà tí á fà, nítorí lójoojúmọ́ ni omi ń fi bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ ju ti àná lọ. Bí ẹ bá fi ọjọ́ kan péré ṣi oṣù kà, ẹ ti fi ìṣẹ́jú àádọ́ta ṣi omi kà nìyẹn. Nínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbà, ìyẹn tó pa èèyàn.

Ó wá di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀. Ìkùukùu pupa bo ìwọ̀ oòrùn. Ewúrẹ́ ọdún ti wà lórí ìso, àwọn ọmọdé ti wọ aṣọ ọdún wò bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹnu gbogbo àgbà gbẹ. Láti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹlẹ́rìí kan tó. Láti túnu, lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Bàbá Riziki fà mí lọ́wọ́ gun òkúta. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, Faki ló máa ń mú. Orí mi wú.

“Òun nìyẹn,” ó ní, ó na ìka sókè igi àgbọn òdìkejì odò. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Shapi, wò ó dáadáa. Kí lo rí?”

Kí ni mo rí? Mo rí ìkùukùu. Mo rí orí igi àgbọn. Mo rí ẹyẹ kan tó ń lọ sùn. Mo fún ojú pọ̀, mo là á, omi bọ́ lójú mi. Mo bojú wẹ̀yìn, gbogbo Kijiweni ń wo ẹnu mi. Ọkàn mi ní, ìwọ ta ni, tí Ojú á rí nǹkan, tí ìwọ á ní kò sí níbẹ̀?

“Mo rí i,” ni mo wí.

Ààfáà Nasoro ní, “O lè búra?”

“Wàláì, mo rí i.”

N kò rí nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fún yín, nítorí ó ti pẹ́ jù kí n tó sọ ọ́ fún wọn. Ìlú hó yèè, wọ́n gbé mi jó. Mwaleni, abúlé tó kọjú sí wa lódìkejì odò, ní àwọn ò rí oṣù kankan, àwọn á gba ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n. Wọ́n tilẹ̀ ránṣẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: “Oṣù tiyín yẹn, ṣé inú ìkòkò ìrẹsì lẹ ti rí i?” A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni ẹ̀rù ń bà mí sí i. Bí oṣù yẹn bá jẹ́ irọ́, gbogbo ìlú ló máa fi ọjọ́ ààwẹ̀ jẹun lọ́sàn-án gangan, orúkọ tí Mbwana Chande fi ogójì ọdún kọ́ á wó lulẹ̀, èmi ni mo sì fi ẹnu mi tì í.

Lọ́jọ́ ọdún, mo bá wọn jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ti se ìrẹsì pílááwù tí òórùn rẹ̀ ń dé etí òkun. Ọkọ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti jókòó, jalabíà rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó gbé àwo lé itan. Ó fi ẹran fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka ro ìrẹsì kiri.

Mo ní, “Bàbá Riziki, ẹ jẹun o! Ààwẹ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó tẹjú mọ́ mi títí mo fi gbé ojú mi kúrò. Mo rò pé ìgbéraga àgbà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ṣọdún, kò sí apẹja tó ń wọ òkun. Síbẹ̀, etí omi ni gbogbo wa ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú mọ́ṣáláṣí pé omi ò bá oṣù mu. Bàbá Riziki ní atẹ́gùn ló ń tì í. Faki yọ́ bọ̀ sórí pèpéle, ó jókòó, ó gbá ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

“Mbwana, wọ́n ní o ní àlejò láàárọ̀ ọ̀la. Omi á kún nígbà wo?”

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí Faki ń bèèrè. Bó bá ní omi á kún kí oòrùn tó yọ, a jẹ́ pé ọjọ́ kejì oṣù ni ọ̀la, a sì ti jẹ ọjọ́ kan mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́. Bó bá ní lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, ọjọ́ kẹta nìyẹn, oṣù rẹ̀ dúró.

“Lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ,” ni Bàbá Riziki wí. “Ṣé ọjọ́ kẹta kọ́?”

“Ó dáa. Màá wá jókòó sórí òkúta, kí n wò ó.”

“Wò ó. Oṣù lé, ẹ ní kò gún. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o, kó lọ tún un ṣe!”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀nà ọ̀fun.

Àlejò náà, obìnrin ni, tíṣà láti Nairobi, Nyakio lorúkọ rẹ̀. Ó dé fìlà ńlá, ó gbé ìgò omi kan dání, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó jókòó síwájú nínú ọkọ̀ eléèyàn méjì, Bàbá Riziki jókòó lẹ́yìn rẹ̀, mo wọ tèmi. Faki ti wà lórí òkúta lóòótọ́, ó ń jẹ mahámrì ọdún, àkàrà ìyẹ̀fun tí wọ́n dín, ó gbọn èérún rẹ̀ sínú omi, ó káwọ́ gbera. A ò lè lọ ṣáájú àkókò tí Bàbá Riziki dá. A dúró títí oòrùn fi ń gbé orí sókè.

Odò náà dákẹ́ láàárọ̀ yẹn bí ilé tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ni àjẹ̀ Bàbá Riziki. Ó ń na omi! Òun tí kì í na omi, ó ń gbá a pàà, pàà, pàà, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo wo omi. Ewé ẹ̀gbà gbígbẹ léfòó lórí rẹ̀. Ó yẹ kí ewé máa bá wa wọlé. Ó ń kojú wa bọ̀, ó ń lọ sí òkun.

“Bàbá Riziki,” mo ní, “ewé ń jáde.”

“Mo gbọ́. Máa wà á.”

Ohun tí mo rí yé mi. Omi ti ń fà. Bí omi bá ti ń fà, oṣù irọ́ ni, ìbúra mi ìbúra irọ́ ni. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíì rí ewé yìí. Mo pa ẹnu mi dé, mò ń wa ọkọ̀ mi.

A gba Ihò Abẹ́rẹ́ wọlé, ọ̀nà tóóró kan láàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà, tí omi kì í gbà kọjá àfi nígbà tó bá kún tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni adágún tí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ pupa máa ń kó sí. Ojú Nyakio là. Ó ń ya fọ́tò, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Bàbá, ẹ wo ìyẹn! Ẹ wo tọ̀hún!” Bàbá Riziki ò wo ibì kankan. Ó ní, “Tíṣà, ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ.” Nyakio ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ẹ jọ̀ọ́.” Lẹ́ẹ̀kejì tó tún sọ ọ́, mo wo ara gbòǹgbò. Ìlà tútù tí omi fi sílẹ̀ ti ga ju orí omi lọ ní odidi ìgbọ̀nwọ́ kan.

“Ẹ yí ọkọ̀!” mo pariwo.

A dé ẹnu Ihò Abẹ́rẹ́, kò sí omi mọ́. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń dán ló kù, akàn ń sáré lórí rẹ̀. Kayáàkì gúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu pé kó má sọ̀, Nyakio ti gbé ẹsẹ̀ sọdá lápá ọ̀tún, ó fẹ́ bá wa ti ọkọ̀.

Yéè! Ẹrẹ̀ gbé e mì dé itan, ó jà, ó rì dé ìbàdí, ó tún jà, ó dé àyà. Fóònù tó gbé dání wọlẹ̀, a ò rí i mọ́ di òní. Kò lè kígbe mọ́, ẹnu rẹ̀ kàn là sílẹ̀. Bàbá Riziki na àjẹ̀ sí i.

Apá òsì ló nà án sí.

“Mú un!” ó ń kígbe. “Dì í mú, ọmọ mi, dì í mú!” Ó ń na àjẹ̀ sí gbòǹgbò ẹ̀gbà kan, ó ń bẹ gbòǹgbò náà. Obìnrin náà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, kò jìnnà ju apá kan lọ.

Ara mi bù máṣọ. Mo ti rí òkun tó gbé ọkọ̀ mì, mo ti rí ọ̀nì tó gbé ajá lọ lójú mi ní odò yìí kan náà, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ọkùnrin yẹn tó ń bá igi sọ̀rọ̀. N kò mọ bí mo ṣe ti ọkọ̀ mi gorí ẹrẹ̀. Mo dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, mo kó ọwọ́ sábẹ́ abíyá obìnrin náà, mo fà á títí èjìká mi fi dún. Ó jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó ń gbọ̀n, ó ń sunkún. Nígbà tó rí èémí fà, ó dojú kọ mí.

“Ẹ ò sọ fún mi pé bàbá yìí ò ríran!”

“Tíṣà, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀.”

Mo búra, mo sì gbọ́ bó ṣe dún lẹ́nu mi. Mo tọ Bàbá Riziki lọ, mo na ìka mẹ́ta síwájú rẹ̀. “Ìka mélòó nìyí?”

“Má sọ mí dọmọdé. N kò rí ọwọ́ náà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ti ọ̀tún ti lọ láti bí ọdún mẹ́ta. Ti òsì ṣì ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ibi tí mo bá kọjú sí, funfun ni mò ń rí.”

“Báwo lẹ ṣe wá ń wa ọkọ̀?”

“Mò ń ka àjẹ̀. Láti òkúta dé Ihò Abẹ́rẹ́, irinwó lé ogún ni. Mò ń gbóòórùn ẹrẹ̀. Ìwọ náà ń pariwo lẹ́yìn mi bí ìyá adìyẹ, ohùn rẹ ni mo fi ń mọ ibi tí bèbè wà.”

Ọdún mẹ́ta! Ilé wa kò ju ogún ẹsẹ̀ síra lọ. Mo ń bá a jẹun, mo ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń bá a sùn, a ò mọ̀.

Omi kò ní wọ Ihò Abẹ́rẹ́ mọ́ títí di ẹ̀yìn ìrun àlásárì. A jókòó sábẹ́ ìbòòji ẹ̀gbà pẹ̀lú ìgò omi kan ṣoṣo, ẹ̀fọn ń jẹ wá, oòrùn ń yí ìbòòji náà kúrò lórí wa díẹ̀díẹ̀. Nyakio ní ká mu omi níkọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má gbé e mu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo bi Bàbá Riziki ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

“Oṣù ńkọ́?”

“Mo rí nǹkan funfun kan. Mo máa ń rí nǹkan funfun. Ìdí tí mo fi mú ọ gun òkúta nìyẹn.”

“Èmi?”

“Faki á ní ohun tí mo bá rí lòun rí, kó lè jẹ ẹran. Ìwọ, ojú rẹ dáa. Láti kékeré lo ti ń rí ẹja kí àwọ̀n tó rí i. Mo sọ fún ara mi pé bí Shapi bá ní kò sí, kò sí náà nìyẹn, màá sọ fún Ààfáà pé ojú mi ti lọ, kí wọ́n wá ẹlòmíì. Mo ti múra sílẹ̀ tán. Mo bi ọ́ pé kí lo rí. O ní o rí i. O búra sí i.” Ó fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀. “Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé n kò lè sùn. Mo ní, àṣé ojú mi ò tíì kú tán.”

Mo ń fi èékánná ha ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

“Láàárọ̀ ọdún,” ó ní, “mo lọ fi orúnkún wọn omi. Omi ò parọ́.”

Ìgbà yẹn ni mo rántí jalabíà tútù. Mo rántí àwo ìrẹsì, ìka tó ń rò ó kiri, ẹran tó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Mo dìde dúró.

“Ẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà.”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ gba ààwẹ̀ tiyín pé! Ẹ mọ̀, ẹ sì jókòó láàárín wa, ẹ ń wò wá bá a ṣe ń jẹ tiwa! Ìyàwó yín! Àwọn ọmọ yín! Háà! Mbwana Chande, ọ̀dàlẹ̀ ni yín!”

Mo pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ ní gbangba, mo sì fi èébú tì í. Kò bínú.

“Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí kí n sọ ọ́,” ó ní. “Ààfáà dì mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ti ń ké kábàrà. Wọ́n ti dúńbú ẹran. Ẹnu mi kú, Shapi. Ẹnu tìrẹ ló kọ́kọ́ kú, tèmi tẹ̀ lé e.”

Nyakio ti ń wò wá láti ìgbà yìí. Ó ní, “Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ mọ̀ pé omi á fà kúrò lábẹ́ wa, ẹ ṣì kó mi wọ ibí?”

“Mo rò pé mo lè fi àjẹ̀ sáré jù ú. Bí mo bá ní ká tètè jáde, mo ti jẹ́wọ́ fún Faki nìyẹn.”

“Ẹ fẹ́ fi mí sin oṣù yín!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi,” ó ní. “Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.” Ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, àní lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀.

Nígbà tí omi padà dé, tó sì gbé ọkọ̀ wa, Faki ni ojú àkọ́kọ́ tí a rí lẹ́nu Ihò Abẹ́rẹ́. Ó ti dúró síbẹ̀ láti ọ̀sán nínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀, kò rí ọ̀nà wọlé. Ó gbé kété omi fún Nyakio, ó gbé e fún mi. Mo retí yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé omi sọ́wọ́ Bàbá Riziki, ó dúró kó mu tán.

“Mbwana, ọjọ́ kélòó oṣù la wà lónìí?”

“Ọjọ́ kejì,” ni Bàbá Riziki wí.

Faki ò rẹ́rìn-ín. Àwo méjì lòun nìkan jẹ lọ́jọ́ ọdún, mo rí i. Ó jókòó, ó dijú, ó ní, “Lá ìláhà ilá Lọ́ọ̀.” Ó so ọkọ̀ wa mọ́ tirẹ̀, ó ń wà wá lọ sílé.

Gbogbo ìlú ló wà létí omi. Bàbá Riziki fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fi ọwọ́ dá a dúró. Mo gun òkúta dúdú náà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

“Ààfáà Nasoro,” mo ní, “n kò rí oṣù. Mo búra, n kò sì rí nǹkan kan.”

Ariwo tó sọ, n kò ní gbàgbé. Obìnrin kan ká ọwọ́ lé orí. Ẹnì kan ju bàtà lù mí. Bàbá Riziki dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó sọ tirẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́: ojú, omi, àwo ìrẹsì. Ààfáà jókòó sínú iyanrìn bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ọkọ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba iwájú ojú rẹ̀ kọjá. Kò ṣẹ́jú.

“Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wọ aṣọ kanga tuntun bọ̀ wá bá ọ,” ni Mwanakombo wí. “Ò ń sọ pé ó yẹ mí.”

“Mò ń gbọ́ ìró rẹ̀. Mo mọ̀ pé tuntun ni.”

Ó gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sílé, ó ń sọ fún un ibi tí òkúta wà àti ibi tí kòtò wà, pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú èébú. Mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá gbé ẹsẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà òun láàárín oṣù yẹn, omi gbígbóná ni òun fi máa kí mi.

Gbogbo Kijiweni san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà lọ́sẹ̀ kejì, lọ́jọ́ kan náà, tọmọdé tàgbà. Mwaleni wá dúró lódìkejì odò, wọ́n ń se ẹja kí òórùn rẹ̀ lè bá wa. Bàbá Riziki kò jẹ gbèsè ààwẹ̀ kankan, ó sì bá wa gbà á. Nyakio kò padà wá mọ́, mi ò dá a lẹ́bi. Ilé ìwòsàn ṣe ojú òsì fún un. Ó ń rí ọwọ́ ara rẹ̀ báyìí. Kò lè rí oṣù.

Wọn ò yan Ojú míì. Ọdún márùn-ún nìyí tó jẹ́ pé, bí ó bá di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù, Bàbá Riziki á wá kan ilẹ̀kùn mi, á di èjìká mi mú, á ní kí n mú òun lọ sí etí òkúta. Ó ń dúró nísàlẹ̀, èmi ni mò ń gùn ún. Ìlú á pé jọ sẹ́yìn wa. Lọ́dún yìí, ìkùukùu tún pupa, ewúrẹ́ tún wà lórí ìso, ẹnu gbogbo wa gbẹ.

“Shapi,” ó ní, “wò ó dáadáa. Kí lo rí?”

Mo wò títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo Kijiweni ń wo ẹnu mi.

“N kò rí nǹkan kan,” mo ní.

“Sọ ọ́ sókè, kí wọ́n gbọ́.”

Mo sọ ọ́ sókè. Àwọn ọmọdé bú sẹ́kún, ẹnì kan ṣépè fún mi láti ẹ̀yìn. Bàbá Riziki di èjìká mi mú, ó ní kí n máa mú òun lọ sílé, nítorí a máa tètè jí jẹ sààrì.